Àwọn Tó Ń Ṣọ́ Ààlà Onílé: Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ sọ

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, ẹ kú ìjókòó o. Mo fi orí balẹ̀ fún Kábíyèsí Ṣọ̀ún. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí tán ní gbọ̀ngàn nítòsí Takie, àwọn kan ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi lè rí i kà. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́, mo kàn fi díẹ̀ kún ibi tí ẹ ti bi mí ní ìbéèrè.

Iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé máa ń rán lọ sí ààlà tí orílẹ̀-èdè méjì ń jà sí ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò. À ń rí wọn nínú tẹlifíṣọ̀n: wọ́n dé akoto búlúù, ọkọ̀ wọn funfun báláú. Iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí ìlú yìí. Benjamin Adékúnlé, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wà lára àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tó ṣiṣẹ́ ní Kóńgò lábẹ́ àjọ yìí, kó tó di pé ogun abẹ́lé sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ pé aláìwúlò ni àwọn aláakoto búlúù, pé wọn kì í jà, pé owó ni wọ́n ń jẹ. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ìjà ni wọ́n ń dá dúró kí àwọn tó ń jà lè ráyè parí ọ̀rọ̀. Bí onílé bá wá kọ̀ tí kò parí ọ̀rọ̀, kí ni àlejò fẹ́ ṣe sí i?

Badme ni mo máa fi ṣàlàyé. Ìlú kékeré ni, níbi tí Ethiopia àti Eritrea ti pààlà. Ilẹ̀ àgbẹ̀ àti ti darandaran ni. Kì í ṣe nítorí epo tàbí wúrà ni wọ́n ṣe jà níbẹ̀. Nígbà tí Ítálì ń ṣàkóso Eritrea, òun àti Ọba Menelik ti Ethiopia tọwọ́ bọ ìwé ààlà ní ọdún 1900, 1902 àti 1908, àmọ́ wọn ò fi àmì ààlà náà sórí ilẹ̀. Isaias Afwerki ti Eritrea àti Meles Zenawi ti Ethiopia jọ bá ìjọba Mengistu, tó ń ṣàkóso Ethiopia àti Eritrea nígbà náà, jagun títí ó fi ṣubú ní ọdún 1991. Eritrea gba òmìnira lọ́wọ́ Ethiopia ní ọdún 1993, àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí sì di olórí orílẹ̀-èdè méjì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, ìbọn dún ní Badme. Ọdún méjì ni wọ́n fi jà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá ọ̀dọ́ ló kú, ọ̀pọ̀ wọn nínú yàrà tí wọ́n gbẹ́ láti sá pamọ́ fún ìbọn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2000, wọ́n gbà ní Algiers, olú-ìlú Algeria, láti dáwọ́ ogun dúró, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà ìgbà náà ló ṣe alárinà. Àdéhùn náà sọ pé kí ọmọ ogun Eritrea jìnnà sí ti Ethiopia ní kìlómítà 25, torí pé ibi tí àgbá ńlá lè ta ọta dé nìyẹn. Inú ilẹ̀ Eritrea ni gbogbo àlàfo yìí bọ́ sí, ẹ rántí ìyẹn. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wá dá ikọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní UNMEE, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé kí ọmọ ogun inú rẹ̀ tó 4,200. Igba ó lé ogún nínú wọn, ìyẹn 220, ni alákìíyèsí. Àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa, torí pé wọn kì í gbé ìbọn.

Kí ni alákìíyèsí ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́? Òun àti ẹnì kejì rẹ̀ tó wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn á wọ ọkọ̀ funfun, pẹ̀lú máàpù, rédíò, awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, àti ìwé àkọsílẹ̀. Ojú ọ̀nà tí àwọn tó ń hú bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀ ti yẹ̀ wò ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà. Kódà, wọ́n máa ń rí bọ́ǹbù tuntun lójú ọ̀nà tí wọ́n ti hú mọ́ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá dé bùdó ọmọ ogun kan, wọ́n á kí ọ̀gá ibẹ̀, wọ́n á wo iye èèyàn, iye àgbá, wọ́n á wo yàrà. Wọ́n á bi ara wọn pé: ṣé yàrà àtijọ́ nìyí àbí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́? Erùpẹ̀ tútù tí wọ́n kó sí etí yàrà yàtọ̀ sí èyí tí òjò ti pa, tí koríko ti hù lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ tuntun, wọ́n á béèrè ìdí, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Bí apá kan bá fẹ̀sùn kan èkejì pé wọ́n yìnbọn lóru, àwọn wọ̀nyí ló máa lọ wá ibi tí ọta bà. Nígbà míì, darandaran tí màlúù rẹ̀ kọjá ààlà ló dá gbogbo rúkèrúdò sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ ló máa ń dé iwájú ìgbìmọ̀ tí àwọn ọ̀gágun méjèèjì àti ọ̀gá ikọ̀ UNMEE jọ ń jókòó sí. Ẹ fojú inú wò ó: àwọn tó ń pa ara wọn lọ́dún tó kọjá jókòó sídìí tábìlì kan náà, wọ́n ń jiyàn lórí yàrà kan ṣoṣo. Èmi ka ìyẹn sí iṣẹ́ ńlá. Ogun ò tún bẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà níbẹ̀.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2000, àwọn méjèèjì tún tọwọ́ bọ̀wé ní Algiers pé kí ìgbìmọ̀ adájọ́ márùn-ún dá ẹjọ́ ààlà, pé ohun tí wọ́n bá sọ labẹ́ gé. Elihu Lauterpacht ni alága ìgbìmọ̀ náà. Ìdájọ́ jáde ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 2002. Nígbà tí wọ́n fa ìlà náà tán, Badme bọ́ sọ́wọ́ Eritrea. Ethiopia kọ̀, kò kó ọmọ ogun rẹ̀ kúrò. Nílé wa níbí, bí àwọn àgbà bá dá ẹjọ́ oko, pèrègún ni wọ́n máa ń gbìn sí ààlà, kí ọmọ tí a kò tíì bí lè rí i. Ní Badme, wọn ò jẹ́ kí àwọn adájọ́ gbin ohunkóhun. Nígbà tó sú wọn, wọ́n fi nọ́ńbà sàmì ààlà sórí máàpù ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, wọ́n sì tú ká.

Ta ni ìyà rẹ̀ wá jẹ? Àwọn alákìíyèsí ni. Inú bí Eritrea pé òun jàre, kò sì sí ẹni tó fipá mú Ethiopia. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, ó ní hẹlikópítà UNMEE kò gbọdọ̀ fò mọ́ lójú ọ̀run òun. Ẹni tó bá gbọgbẹ́ níbi tó jìnnà di ẹni tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé gba ọ̀nà bọ́ǹbù. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, ó ní kí àwọn ará Amẹ́ríkà, Kánádà, Yúróòpù àti Rọ́ṣíà inú ikọ̀ náà máa lọ. Nígbà tó yá, ní ìparí ọdún 2007, ó gé epo dísù wọn. Ọkọ̀ tí kò lépo, jẹnẹrétọ̀ tí kò lépo, kí ni èèyàn fẹ́ fi ṣọ́ ààlà? Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2008, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àgbáyé fòpin sí UNMEE. Mo sọ ọ́ ní gbọ̀ngàn, mo tún ń sọ ọ́ níbí: ẹjọ́ Eritrea tọ́, àmọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́ ló nà. Àwọn alágbára ayé tó jẹ́rìí sí àdéhùn Algiers, tí wọ́n wá dákẹ́ nígbà tí Ethiopia kọ ìdájọ́, ni mo di ẹ̀bi tó pọ̀ jù rù.

Àwa náà ti rí irú rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1886, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà láti parí ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti bùdó dé bùdó. Ìjọba Èkó rán àwọn aṣojú wá wo bí bùdó Kírìjì ṣe ń tú. Bùdó náà tú lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ Ọ̀fà àti Ìlọrin ni wọn ò rí yanjú, nítorí náà ọmọ ogun Ìbàdàn àti ti Ìlọrin ṣì ń wo ara wọn lójú títí di ọdún 1893 tí Carter, Gómìnà Èkó, wá.

Bakassi ló yàtọ̀. Ilẹ̀ etí òkun tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ń jà sí ni, ilé ẹjọ́ àgbáyé sì dá Kamẹrúùnù láre ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2002. Ó dun Nàìjíríà, ó dùn ún gan-an. Ṣùgbọ́n Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ àti Paul Biya, Ààrẹ Kamẹrúùnù, tọwọ́ bọ àdéhùn Greentree ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2006, lójú Kofi Annan, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà. Àwọn ọmọ ogun wa bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò, Nàìjíríà sì fa gbogbo rẹ̀ lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2008. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré lẹ́yìn tí UNMEE kú nìyẹn. Wọn ò kó ọmọ ogun aláakoto búlúù kankan lọ sí Bakassi. Ìgbìmọ̀ àjùmọ̀ṣe tó ń pàdé ní Abuja àti Yaoundé, pẹ̀lú àwọn alákìíyèsí díẹ̀, ló ṣe é, torí pé olórí méjèèjì fẹ́ kó parí.

Ní ti Badme, ọdún 2018 ni Abiy Ahmed, olórí ìjọba Ethiopia, gbà pé Ethiopia máa tẹ̀ lé ìdájọ́ náà, ó sì lọ dì mọ́ Isaias ní Asmara, olú-ìlú Eritrea. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀ ní Tigray, ìpínlẹ̀ kan ní àríwá Ethiopia, tí ọmọ ogun Eritrea sì wọ̀ ọ́. Ọbásanjọ́ yìí kan náà ló ṣáájú àwọn alárinà tó jẹ́ kí ìjọba Ethiopia àti àwọn ará Tigray tọwọ́ bọ̀wé ní Pretoria ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 2022. Eritrea kò sí níbi ìjókòó náà, bẹ́ẹ̀ sì ni kò tọwọ́ bọ nǹkan kan. Ìyẹn ló ń kọ mí lóminú.

Ìyá kan tó jókòó níwájú bi mí pé: “Ẹ̀yin ọ̀gá, àwọn apẹja Bakassi wá ńkọ́? Ta ló ṣọ́ àwọn yẹn?” Ìyá mi, ìbéèrè yín tóbi ju gbogbo ohun tí mo sọ lọ. Àdéhùn Greentree fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbébẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dúró, láti máa pẹja, láti máa sọ èdè wọn, ó sì fún wọn ní ọdún márùn-ún lábẹ́ òfin pàtàkì lẹ́yìn tí ilẹ̀ náà bá bọ́ sọ́wọ́ Kamẹrúùnù. Ọ̀pọ̀ ló kó ẹrù wá sí Cross River àti Akwa Ibom, tí wọ́n bá ilẹ̀ níbi tí kò sí ẹja. Ìgbìmọ̀ àti alákìíyèsí wà fún kíkúrò àwọn ọmọ ogun. Fún àwọn ìdílé yìí, ó kéré. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013 ni ọdún márùn-ún náà pé.