Ta Ló Pín Wọn Báyìí? Àtúntò Ìsọ̀rí àti Ìdíje Ìparí Sáà Nínú Béèsìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olólùfẹ́ eré ìdárayá.

Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1993, San Francisco Giants parí sáà wọn. Nínú eré 162 tí wọ́n gbá, wọ́n borí nínú 103. Síbẹ̀, ilé ni wọ́n lọ. Philadelphia Phillies tó borí nínú eré 97 ló ń múra pleyọ́ọ̀fù, ìyẹn ìdíje ìparí sáà. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́ Giants jẹ. Ìsọ̀rí tí wọ́n wà ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀: Atlanta Braves, tó borí nínú eré 104, wà nínú ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú wọn, nígbà náà sì rèé, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló lè jáde láti inú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá wo máàpù. Etí òkun Pàsífíìkì ni San Francisco wà, Atlanta sì wà lápá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Kí ló kó wọn pọ̀ sí ìsọ̀rí Ìwọ̀-oòrùn? Ọdún 1969 ni National League àti American League, líìgì méjì tó para pọ̀ jẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù àgbà Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ pín sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, ẹgbẹ́ 6 sí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Chicago Cubs àti St. Louis Cardinals kò fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ìlà-oòrùn tí wọ́n ti ń bá díje tipẹ́. Bí Atlanta àti Cincinnati ṣe di ará ìwọ̀-oòrùn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ Chicago gan-an ló wà ní ìwọ̀-oòrùn àwọn méjèèjì. Ìpinnu tí wọ́n ṣe ní ọ́fíìsì ní 1969 ló dá Giants padà sílé lẹ́yìn ọdún 24. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyẹn: bí wọ́n ṣe pín àwọn ẹgbẹ́ ló ń sọ iye ìborí tó máa tó, àti iye tí kò ní í tó.

Bí ètò náà ṣe rí báyìí kò le. Ẹgbẹ́ 30 ló wà nínú líìgì méjì. Líìgì kọ̀ọ̀kan ní ìsọ̀rí 3, ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ 5. Láti 2022, ẹgbẹ́ 6 ló ń wọ pleyọ́ọ̀fù láti líìgì kọ̀ọ̀kan: àwọn 3 tó gba ipò kìíní nínú ìsọ̀rí wọn, àti àwọn 3 tí ìborí wọn pọ̀ jù nínú àwọn tó kù, tí à ń pè ní wild card. Àwọn méjì tó peregedé jù nínú àwọn tó gba ìsọ̀rí kì í gbá ìpele kìíní. Ẹni kẹta máa ń gba ẹni kẹfà lálejò, ẹni kẹrin á gba ẹni karùn-ún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mejì ló kọjá. Pápá ẹni tó wà lókè ni wọ́n ti ń gbá gbogbo eré náà, àlejò kò ní ọjọ́ kankan nílé tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti rúni lójú ni tábìlì. Nínú líìgì bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń pàdé ara wọn nílé àti lóde, kò sí ẹni tí ọ̀tá rẹ̀ rọrùn ju ti ẹnì kejì lọ. Béèsìbọ́ọ̀lù kò rí bẹ́ẹ̀. Títí dé 2022, ẹgbẹ́ kan máa ń pàdé ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn 4 tí wọ́n jọ wà nínú ìsọ̀rí nígbà 19. Eré 76 nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì sáà. Bí méjì nínú àwọn mẹ́rin náà bá jẹ́ aláìlágbára, eré 38 ti wà nílẹ̀ fún yín láti fi kó ìborí jọ, nígbà tí ẹlòmíràn ń jà pẹ̀lú àwọn òmìrán. Láti 2023, wọ́n dín 19 kù sí 13, ó di eré 52, gbogbo ẹgbẹ́ 30 sì ń pàdé ara wọn lọ́dọọdún. Lójú tèmi, kò sí àtúnṣe kan tó ṣe ìdíje wild card lóore tó èyí, torí pé àwọn tó ń du àyè kan náà kì í ṣe ará ìsọ̀rí kan náà.

Bí oṣù Kẹsàn-án bá dé, ẹ má wo ipò nìkan, ẹ ṣírò. Ká ní ẹgbẹ́ tó wà lókè ti borí nínú 90, ó ti pàdánù 62. Ẹni kejì borí nínú 86, ó pàdánù 65. Ẹ yọ 86 kúrò nínú 90, ó ku 4. Ẹ yọ 62 kúrò nínú 65, ó ku 3. Ẹ pa wọ́n pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì: eré mẹ́ta àtààbọ̀ ni ẹni kejì fi wà lẹ́yìn. Láti mọ ohun tó kù fún ẹni iwájú, ẹ mú 163, ẹ yọ ìborí rẹ̀ kúrò, ẹ tún yọ ìpàdánù ẹni kejì kúrò: 163 yọ 90 yọ 65 jẹ́ 8. Gbogbo ìborí ẹni iwájú àti gbogbo ìpàdánù ẹni kejì ló ń dín 8 yìí kù. Bó bá ti di òdo, ìsọ̀rí ti di tirẹ̀.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ nínú ìṣirò yìí. Àkọ́kọ́, àwọn ènìyàn kì í ka ìpàdánù. Eré tí òjò dá dúró ṣì lè di ìborí, ṣùgbọ́n èyí tí a ti pàdánù ti lọ nìyẹn. Èkejì ni ó ń ṣe jàǹbá jù: wọn kì í rántí pé òfin ìdọ́gba ti yí padà. Títí di 2021, bí ẹgbẹ́ méjì bá dọ́gba lórí ìsọ̀rí tàbí lórí àyè tó kẹ́yìn, wọ́n á gbá eré kan sí i lẹ́yìn 162, ìyẹn eré ìkẹtàlélọ́gọ́jọ (163), láti yanjú rẹ̀. Láti 2022, wọ́n ti fagi lé e. Ẹni tó borí jù nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé nínú sáà ló ni ipò náà. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ yín bá ti ni àǹfààní yẹn lórí ẹni tó ń lé e, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti 162, kì í ṣe 163.

Ọdún 2022 gan-an ló kọ́kọ́ fi hàn bó ṣe wúwo tó. Braves àti New York Mets borí nínú eré 101 lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú eré 19 tí wọ́n jọ gbá, Braves borí nínú 10, Mets nínú 9. Eré kan yẹn mú kí Braves sinmi ní ìpele kìíní. Mets lọ pàdé San Diego Padres, ibẹ̀ ni wọ́n ti jáde. Ní 2024, Mets, Braves àti Arizona Diamondbacks jọ parí sí ìborí 89, ìpàdánù 73. Ìjì líle Helene ti sún eré Mets àti Braves méjì síwájú, ọjọ́ kan lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti parí ni wọ́n tó gbá méjèèjì ní Atlanta. Bí ẹgbẹ́ kan bá gba méjèèjì, Arizona wọlé. Wọ́n pín in ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Arizona sì ṣubú láìsí lórí pápá. Ní 2025, Toronto Blue Jays àti New York Yankees jọ ní 94, Toronto gba ìsọ̀rí torí pé wọ́n borí Yankees nínú 8 lára eré 13. Cincinnati Reds àti Mets jọ ní 83, Reds ló wọlé.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ pípín. Ní 1994, wọ́n sọ ìsọ̀rí di mẹ́ta, wọ́n gbé Braves lọ sí ìlà-oòrùn níbi tó yẹ wọ́n, wọ́n sì dá wild card sílẹ̀. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì dá sáà náà dúró ní oṣù Kẹjọ, Texas Rangers ló ń ṣíwájú ìsọ̀rí wọn pẹ̀lú ìborí 52 àti ìpàdánù 62. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn bí ìsọ̀rí bá kéré: ẹni tó pàdánù ju bó ṣe borí lọ lè di ọba àdúgbò. Ní 1998, Milwaukee Brewers kúrò ní American League bọ́ sí National League, torí pé ẹgbẹ́ tuntun méjì dé, wọn kò sì fẹ́ kí líìgì kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ 15, nítorí ẹgbẹ́ kan á máa ṣẹ́kù lójoojúmọ́ tí líìgì méjèèjì kò bá pàdé. Ní 2013, wọ́n gba ohun tí wọ́n ń sá fún: Houston Astros bọ́ sí ìsọ̀rí Ìwọ̀-oòrùn American League, ó di 15 sí 15, eré láàárín líìgì méjèèjì sì di ojoojúmọ́. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ Houston ni eré aago méje ìwọ̀-oòrùn ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọdé tó fẹ́ wo Astros ti sùn kó tó parí.

Ní oṣù Kẹjọ 2025, ọ̀gá àgbà líìgì náà, Rob Manfred, sọ ní gbangba pé bí ẹgbẹ́ méjì bá tún wọlé, àyè á wà láti tún ìsọ̀rí tò bí ìlú ṣe sún mọ́ra. Ẹgbẹ́ 32 á pín sí ìsọ̀rí 8, ẹgbẹ́ 4 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìrìn àjò á dín kù, pàápàá fún Seattle, aago tẹlifíṣọ̀n á sì bá àwọn olùwòran lára mu. Òfin kò sì ya líìgì méjèèjì mọ́ látìgbà tí National League náà ti gbà ní 2022 kí ẹlòmíràn máa gbá bọ́ọ̀lù dípò ẹni tó ń jù ú.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ìsọ̀rí ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́rin. Bí pleyọ́ọ̀fù bá ṣì jẹ́ ti ẹgbẹ́ 12, àwọn 8 tó gba ìsọ̀rí ti kún un, àyè 4 ni yóò kù fún wild card, dípò 6 tó wà báyìí. Tẹ́lẹ̀ náà, ní 2025, Boston Red Sox borí nínú 89 wọ́n sì lọ ṣe àlejò ní ìpele kìíní, Cleveland Guardians borí nínú 88 wọ́n gba àlejò nílé, torí pé wọ́n gba ìsọ̀rí. Èrò mi ni pé kí ìsọ̀rí máa fún ẹgbẹ́ ní ẹnu ọ̀nà nìkan. Kí iye ìborí sì máa sọ ẹni tí yóò gbá nílé. Manfred ti ní òun máa kúrò nípò ní oṣù Kìíní 2029, òun sì fẹ́ kí wọ́n ti yan ìlú méjèèjì kí òun tó lọ. Bí máàpù náà bá jáde, ẹ kọ́kọ́ wá iye ìgbà tí ará ìsọ̀rí kan náà máa pàdé, lẹ́yìn náà kí ẹ wo ẹni tí wọ́n fún ní pápá.