Annobón: Erékùṣù Tí Wọ́n Fi Ìwé Ta Lọ́rẹ

Ẹ tẹ́ máàpù yín síwájú, kẹ́ ẹ fi ìka lé Èkó, kẹ́ ẹ wá máa bọ̀ nísàlẹ̀ lójú òkun. Bioko lẹ ó kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn náà Príncipe, São Tomé, kẹ́ ẹ tó kan Annobón. Bioko àti Annobón, Equatorial Guinea ló ni méjèèjì, àmọ́ orílẹ̀-èdè ẹlòmíì ló jókòó sáàárín wọn. (Ẹ má rẹ́rìn-ín: ìlà agbedeméjì ayé tí orílẹ̀-èdè yìí fi jẹ́ orúkọ, kò kan ilẹ̀ rẹ̀ níbì kankan. Ojú òkun ló gbà kọjá, Annobón nìkan ló sì wà ní gúúsù rẹ̀.)

Ìpínlẹ̀ odidi ni, síbẹ̀ gígùn rẹ̀ ò ju bíi kìlómítà 7. Òkè ayọnáyèéfín ló gbé e yọ látinú omi. Adágún wà nínú ihò òkè náà, A Pot ni wọ́n ń pè é.

Ọjọ́ kìíní ọdún làwọn Potogí débẹ̀, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Ano Bom, ìyẹn Ọdún Rere. Ẹrú láti Àǹgólà, tí wọ́n kó gba São Tomé, làwọn tó wá di onílẹ̀. Lọ́dún 1778, Potogí bá Sípéènì jókòó sí El Pardo, ní ilẹ̀ Sípéènì, wọ́n fi ìwé àdéhùn gbé erékùṣù yìí fún Sípéènì. Ta ló bi ará Annobón léèrè? Conde de Argelejos tí wọ́n rán wá gba ilẹ̀ kú lójú òkun. Àwọn ará erékùṣù kọ̀ jálẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí Sípéènì tó rí ìdí fi lélẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan, wọ́n mọ ara wọn, ń pe àkókò yẹn ní ìgbà ìpatì. Ìpatì bí i ti báwo? Kò sí àlùfáà, sakristáànì tó ń palẹ̀ pẹpẹ mọ́ ló di olórí ìjọ Àgùdà. Fá d'Ambô, èdè tí wọ́n fi Potogí hun, kò kú. Títí dòní, Sípáníìṣì nìjọba fi ń kọ̀wé, Fá d'Ambô nìyá fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Bàbá kan dìde lẹ́yìn: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé Fernando Po táwọn ará Nàìjíríà ń lọ ṣe lébìrà oko kòkó nìyẹn?" Rárá, bàbá, Bioko nìyẹn. Àmọ́ ẹ ṣeun, torí ìwé 1778 kan náà ló dè wọ́n pọ̀. Kòkó sọ Bioko di ibi owó. Annobón ń pẹja tiẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lé àbùùbùtán.

Alága ti ń wo aago. Ojú ewé mẹ́rin ni mo kọ lórí òmìnira 1968. Ẹ jẹ́ n fò ó. Macías, ààrẹ àkọ́kọ́, sọ erékùṣù náà ní Pagalu, orúkọ ọ̀hún bá a lọ nígbà tí wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1979.

Ọ̀rọ̀ ìwé ni mo tún ń padà sí. Lóṣù keje 2024, àwọn ará Annobón fúnra wọn kọ ìwé sí ìjọba ní Malabo, pé àwọn ò fẹ́ dáínámáìtì tí iléeṣẹ́ kan ń yìn nílẹ̀ wọn mọ́. Ìjọba ti púpọ̀ nínú àwọn tó fọwọ́ sí i mọ́lé, wọ́n sì gé íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo erékùṣù.