Wáàsí ọjọ́ Jímọ̀: Aṣọ ilé-ìwé ọmọ yín, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó bá forí kanlẹ̀

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, Àsàlámù aláékúm.

Nínú Súrátù Àráàfù, áyà 26, Ọlọ́hun ní Òun sọ aṣọ kalẹ̀ fún àwọn ọmọ Ádámọ̀ láti fi bo ìhòòhò wọn, àti láti fi ṣe ọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n aṣọ ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ló lóore jù. Ìbòra ló ṣáájú, ọ̀ṣọ́ tẹ̀ lé e.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣì í ni pé orí ìdúró ni wọ́n ti ń wo aṣọ ọmọ. Ọmọ dúró níwájú dígí, wọ́n ní ó wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kì í dúró gbagidi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ń jókòó, ó ń bẹ̀rẹ̀ mú ìwé nílẹ̀, ó ń nawọ́ sókè kọ̀wé sí pátákó, ó sì ń kírun Àyìlá. Torí náà, kí ẹ tó gba aṣọ lọ́wọ́ tẹ́lọ̀, ẹ jẹ́ kí ó wọ̀ ọ́, kó gbọ́wọ́ méjèèjì sókè, kó jókòó, kó rúkúù (kó tẹ̀ ba bíi ti ìrun), kó forí kanlẹ̀. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ wò ó.

Lára ọmọkùnrin, ẹ ó rí i pé ṣẹ́ẹ̀tì kúkúrú á sún sókè, ṣòkòtò á wálẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn á sì hàn. Lójú ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀, láti ìdodo dé orúnkún ni ìhòòhò ọkùnrin, bíbò ó sì wà nínú májẹ̀mu ìrun. Ṣẹ́ẹ̀tì tó gùn kọjá ìdí àti bẹ́líìtì tó mú ṣòkòtò dúró ní ìbàdí, ó ti tó. Àwọn ọmọ kan ń gba ẹ̀yìn òbí lọ bá tẹ́lọ̀ pé kó dín ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò wọn kù, kó lè fún mọ́ wọn lára. Ojú rírán á ya níbi tí wọ́n bá ti fẹ́ jókòó, wọ́n sì ti rú òfin ilé-ìwé.

Ti ọmọbìnrin, ẹ ki ọwọ́ bọ inú aṣọ náà, kí ẹ gbé e sí ojú oòrùn. Bí ẹ bá lè ka ìka yín, ó nílò yẹ̀rì lábẹ́. Híjáàbù funfun ló burú jù, pàápàá tí òógùn bá mú un. Kì í sì í ṣe fífẹ́lẹ́ nìkan. Ànábì fún Usáámà ọmọ Sáídì (Zayd), ọ̀kan lára àwọn sàábé rẹ̀, ní aṣọ Íjíbítì kan tó nípọn, Usáámà sì fi wọ ìyàwó rẹ̀. Ànábì ní kó pàṣẹ fún un láti wọ nǹkan sí abẹ́ rẹ̀, torí òun ń bẹ̀rù pé kí aṣọ náà má fi bí eegun obìnrin náà ṣe rí hàn. Imáámù Ahmad, tó kó hádíìsì jọ, ló gba ọ̀rọ̀ yìí wá. Aṣọ lè nípọn kó ṣì lẹ̀ mọ́ ara.

Níbi ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí iná wà, híjáàbù ọ̀rá máa ń yọ́ mọ́ awọ ara. Kó lo ti òwú, kó ki etí rẹ̀ sábẹ́ kóòtù.

Àwọ̀ àti àmì tí ilé-ìwé là kalẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e: Súrátù Máídà, áyà 1, ní kí a mú àdéhùn ṣẹ. Bí òfin wọn bá dènà ìbòra, ẹ̀yin òbí ni kí ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà àti híjáàbù ní àwọ̀ wọn. Ẹ má fi ọmọ síwájú kó lọ máa jà lẹ́nu géètì.

Ọmọ ń dàgbà: ẹ ní kí tẹ́lọ̀ ṣẹ́ etí aṣọ sínú tó ìka mẹ́ta, kí ẹ lè tú u, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan.