Bí A Ṣe Ń Fi Iná Ṣí Ọwọ́ Tí Rọpárọsẹ̀ (Stroke) Mú

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ìyá aládìrẹ kan láti Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta níbí, ló gbà kí n fi ọwọ́ àwọn ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n lè di nǹkan mú, àmọ́ ìka ò ṣí mọ́. Ṣíṣí yẹn la bá wá.

Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń darí ọkàn sí láyà, ẹ má dán an wò. Ẹni tó ní wárápá, tí ẹ̀jẹ̀ dì sí iṣan apá rẹ̀, tàbí tí egbò wà níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ rí físíò yín, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá tún ara ṣe. Ẹ̀rọ ara ríro tí wọ́n ń tà kiri, tí wọ́n kọ TENS nìkan sí, kọ́ ni mò ń wí o. NMES, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná mú iṣan ṣiṣẹ́, ni kí ẹ wò lára páálí rẹ̀. Bátìrì ló ń lò, kò kan NEPA.

Màmá, ẹ gbé apá lé tábìlì, ẹ da àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀. Mo ti fi omi nù ún, ó ti gbẹ. Ẹ má fi ìpara pa á. Páàdì tó ń gbé iná wọ ara kan rèé lẹ́yìn apá, ìwọ̀n ìka méjì sí ìsàlẹ̀ ìgúnpá. Ìkejì, agbedeméjì apá. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú apá: iṣan tó ń pa ọwọ́ dé ló wà níbẹ̀, òun ló sì ti ń fà jù tẹ́lẹ̀.

Ibi Hz, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 35. Ibi µs, ìyẹn bí títa kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó, 300. Kí iná wá fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, kó sinmi fún 20. Mò ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Màmá, ṣé kò ta yín?

"Ó kàn ń rìn mí ni."

Ẹ wò ó, ọrùn-ọwọ́ ti gbéra, ṣùgbọ́n ó ń wọ́ lọ sọ́nà àtàǹpàkò, ìka ò sì ṣí. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi iná kún iná. Rárá o! Mo pa á ná, mo sún páàdì díẹ̀ sí ìhà ìka ọmọńdinrín. Mo tún tàn án. Hẹn-ẹn, ìka ń nà!

Màmá, ẹ má fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Bí iná bá ti dé, ẹ̀yin náà ẹ ṣí i, bó ti wù kó le tó. Ọpọlọ la fẹ́ kó rántí ọ̀nà, ẹni tó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ ò ní jèrè ẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Ẹ di aṣọ yìí mú nígbà ìsinmi. Iná dé! Ẹ ṣí ọwọ́, ẹ tú aṣọ sílẹ̀!

Ìṣẹ́jú 20 sí 30 tó lójúmọ́. Ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tó bó páàdì. Bí ojú ibẹ̀ bá pọ́n tó sì lọ láàárín wákàtí kan, kò léwu. Bó bá lé ròrò, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ lọ bá físíò yín.