Bí A Ṣe Ń Wọ Bọ́ọ̀sì àti Ọkọ̀ Ojú Irin ní London Láìjẹ́ Kí Owó Jò

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London la ṣe fídíò yìí fún. A ó wọ bọ́ọ̀sì, a ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ẹ ó sì rí ibi tí owó ti ń jò lọ́wọ́ àlejò. Kò sí kọ́ńdọ́ níbí tó máa bi yín pé níbo lẹ̀ ń lọ. Káàdì yín ló ń sọ ibi tí ẹ ti wọlé àti ibi tí ẹ ti jáde. Tó bá sọ ọ́ lábọ̀, owó ńlá ni wọn yóò yọ.

Ká tó jáde nílé, ká mú káàdì. Láti oṣù Keje ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì London ò ti gba owó lọ́wọ́ mọ́. Tí ẹ bá na póùn márùn-ún sí awakọ̀, kò ní gbà á. Ẹ lè lo káàdì báńkì, ẹ lè lo fóònù, ẹ sì lè lo Oyster, káàdì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń lóòdù owó sí. Iye kan náà ni Oyster àti káàdì báńkì ń yọ lọ́wọ́ àgbàlagbà. Ẹni tí kò tíì ní àkáùńtì níbí, Oyster ni kó rà, torí kì í ṣe gbogbo káàdì náírà ló ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀rọ wọn, èyí tó bá sì ṣiṣẹ́, báńkì lè gba owó mìíràn lé e. Ẹ̀rọ inú stéṣọ̀n ń tà á. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó lẹ àmì Oyster mọ́ ojú gíláàsì náà ń tà á.

Ẹ wo pọ́ọ̀sì yìí dáadáa: káàdì báńkì méjì, Oyster kan. Tí mo bá gbé pọ́ọ̀sì náà lé ẹ̀rọ báyìí, ẹ̀rọ lè ka èyí tí mi ò fẹ́. Ó lè ka ti báńkì níbi tí mo ti wọlé, kó wá ka Oyster níbi tí mo ti jáde. Ìrìn kan á wá di ìrìn méjì tí kò parí, káàdì méjèèjì ni wọ́n á sì gé lówó. Ẹ yọ ẹyọ kan jáde, òun nìkan ni kí ẹ máa lò. Fóònù ńkọ́? Káàdì báńkì yín àti ẹ̀dà rẹ̀ tó wà nínú fóònù, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ kà wọ́n sí. Tí ẹ bá fi fóònù wọlé, fóònù ni kí ẹ fi jáde. Kí ẹ sì rí i pé bátìrì rẹ̀ kò ní kú lọ́nà, torí ẹ ò ní lè fi jáde, ẹ ò sì ní ní ẹ̀rí tí olùyẹ̀wò bá dé.

Tọkọtaya ò lè pín káàdì kan lò lọ́jọ́ kan náà, kálukú ló máa mú tiẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í san owó bọ́ọ̀sì, kì í sì í san owó Tube, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, tó bá bá àgbàlagbà rìn. Ọmọ ọdún 11 sí 15 nílò Zip Oyster, tó ní fọ́tò rẹ̀ lára. Ẹ tètè kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ilé ìwé tó wọlé.

Ó yá, bọ́ọ̀sì. Ẹ wo òpó bọ́sítọ́ọ̀pù yìí. Lẹ́tà tó wà lókè téńté yẹn ni orúkọ rẹ̀. Tí fóònù bá ní kí ẹ wọkọ̀ ní Stop K, ẹ má dúró sí M torí pé ó sún mọ́ yín, ọkọ̀ yín lè má dúró níbẹ̀ rárá. Ẹ ka nọ́ńbà tán pátápátá. Ní Peckham, 36 àti 436 jọ ń kọjá, ṣùgbọ́n Victoria ni 36 ń gbà, 436 ń lọ sí Battersea.

Tí ọkọ̀ bá ń bọ̀, ẹ na ọwọ́. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni kí ẹ gbà wọlé, kí ẹ fi káàdì lé ẹ̀rọ yẹ́lò, kí ẹ jẹ́ kó dúró pẹ̀lẹ́ títí yóò fi dún tí iná àwọ̀ ewé yóò sì tàn. Ẹ má fi gbá a kọjá bíi pé ẹ̀ ń lé eṣinṣin. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ti bọ́ọ̀sì, ẹ má fi kàn án nígbà tí ẹ bá ń sọ̀. Ẹ ò sì ní pariwo “ó wà o!” Tí ọkọ̀ bá ti kúrò ní bọ́sítọ́ọ̀pù tó ṣáájú tiyín, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó wà lára irin, kí ẹ gba ẹnu ọ̀nà àárín jáde.

Ní ọdún 2025, £1.75 ni owó bọ́ọ̀sì, bí ọ̀nà ṣe wù kó jìn tó. Ibi tó dùn níbẹ̀ rèé: láàárín wákàtí kan sí ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ fi káàdì kan ẹ̀rọ, bọ́ọ̀sì mìíràn tí ẹ bá wọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Hopper ni wọ́n ń pè é. Tí ẹ bá wọ ti àkọ́kọ́ ní aago mẹ́jọ, kí ẹ ti wọ ìkejì kó tó di mẹ́sàn-án, kódà tí ìrìn náà bá kọjá mẹ́sàn-án. Káàdì kan náà ni o! Tí owó bọ́ọ̀sì bá sì ti pé £5.25 lọ́jọ́ kan, wọn ò ní yọ kọ́bọ̀ mọ́ lórí bọ́ọ̀sì títí di aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí.

Ọkọ̀ ojú irin ló máa ń da èèyàn láàmú jù, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ ó fi káàdì kan ẹ̀rọ: lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ bá ń wọlé, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ bá ń jáde. Ẹ jẹ́ ká lọ láti Peckham Rye sí Canary Wharf. Ẹ fi káàdì wọlé, kí ẹ wá ọkọ̀ Overground (ọkọ̀ ojú irin tó ń gba orí ilẹ̀) ti ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Windrush, tó ń lọ sí Dalston Junction tàbí Highbury & Islington. Ẹ sọ̀ ní Canada Water. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Jubilee, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà Tube, láì fi káàdì kan ohunkóhun, kí ẹ wọ èyí tó ń lọ sí Stratford. Ibi tó máa kọ́kọ́ dúró sí ni Canary Wharf. Ẹ fi káàdì jáde. Wọ́n pín London sí sóònù, ìyẹn agbègbè tí wọ́n fi ń ṣírò owó ọkọ̀, Sóònù 2 sì ni gbogbo ìrìn yẹn. Ọkọ̀ tó ń lọ sí London Bridge náà wà ní Peckham Rye, ẹ sì lè bá Jubilee níbẹ̀, ṣùgbọ́n Sóònù 1, àárín gbùngbùn ìlú, ni London Bridge, owó tiẹ̀ á ga jù. Overground ni mo fọwọ́ sí.

Owó ọkọ̀ ojú irin tún ń lọ sókè láti Monday sí Friday, ní 06:30 sí 09:30 àti 16:00 sí 19:00. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà á láyè, kó dúró kí 09:30 kọjá kó tó fi káàdì wọlé.

Ẹ wá ṣọ́ra gidigidi ní DLR (Docklands Light Railway), ọkọ̀ ojú irin kan ní apá ìlà oòrùn London. Ọ̀pọ̀ stéṣọ̀n rẹ̀ ni kò ní géètì rárá. Ẹ̀rọ yẹ́lò kan á kàn dá dúró sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, ó sì rọrùn kí èèyàn kọjá lára rẹ̀. Ẹni tí kò bá fi káàdì wọlé, tí olùyẹ̀wò bá bá a nínú ọkọ̀, £100 ni owó ìtanràn rẹ̀, ó di £50 tó bá san án láàárín ọjọ́ 21. Ẹni tó gbàgbé láti fi káàdì jáde, owó tó ga jù lọ ni wọn yóò yọ, torí ẹ̀rọ ò mọ ibi tó sọ̀ sí.

Tí ìyẹn bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má kàn fọwọ́ lẹ́rán. Ẹ lọ sí tfl.gov.uk, ìkànnì àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ London, ẹ ṣí àkáùńtì, ẹ forúkọ káàdì yín sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wá ìrìn tí wọ́n kọ sí pé kò parí, kí ẹ yan stéṣọ̀n tí ẹ sọ̀ sí gan-an. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti bèèrè. Tí Tube tàbí DLR bá dá yín dúró fún ìṣẹ́jú 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì jẹ́ pé àṣìṣe tiwọn ni, ibẹ̀ náà lẹ ó ti bèèrè owó yín, láàárín ọjọ́ 28.