Bí A Ṣe Ń Ka Lẹ́tà Kòríà: Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ Ẹnu Yín Wò

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ mú bíírò àti ìwé sọ́wọ́. Tí ẹ bá kàn ń wò mí lásán, kò ní wọlé.

Hangul ni wọ́n ń pe lẹ́tà yìí. Ọba Sejong ló ṣe é ní 1443, ó gbé e jáde ní 1446, torí pé àmì Ṣáínà tí wọ́n ń fi kọ̀wé le jù fún mẹ̀kúnnù. Lónìí, kọ́ńsónáǹtì ìpìlẹ̀ jẹ́ 14, fáwẹ̀lì jẹ́ 10. Ẹ má tíì há ìkankan sórí.

Ẹ pe "n", kí ẹ dúró síbẹ̀. Ṣóńṣó ahọ́n yín ti gbérí, ó kan erìgì òkè, àbí? Ó yá, ẹ yà á: ㄴ. Ìlà òòró yẹn ni ṣóńṣó ahọ́n. Ẹ fi ìlà kan dé e lórí, ó di ㄷ, "d". Ẹ fi òmíràn sáàárín, ó di ㅌ, "t" tó ní èémí. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu. Bí atẹ́gùn kò bá kàn án, ẹ tún un pè. Ojú kan náà ni ahọ́n wà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí.

Fáwẹ̀lì kò le. ㅏ ni "a", ㅣ ni "i", ㅗ ni "o", ㅜ ni "u". Àwọn olùkọ́ kan máa ń kọ ㅓ ní "eo", ẹ gbàgbé ìyẹn: ó sún mọ́ "ọ" wa dáadáa. Ti ㅡ ńkọ́? Ẹ pe "u", àmọ́ ẹ fẹ ètè, ẹ má ká a jọ.

Ó ku ká tò wọ́n. ㅅ, "s", lápá òsì. ㅏ lápá ọ̀tún. ㄴ nísàlẹ̀: 산, òkè ńlá nìyẹn. Àwa Yorùbá, ẹ ṣọ́ra níbí. Kì í ṣe "san" inú "san gbèsè", tí a ń fimú pè. Kì í sì í ṣe "sáànù". Kí ahọ́n kan erìgì, kó dúró síbẹ̀, ó parí.

Fáwẹ̀lì tó bá dùbúlẹ̀, abẹ́ kọ́ńsónáǹtì ló ń wà. ㅁ ni "m", nítorí náà 무 ni "mu". 나무, "namu", ni igi.

Ẹ dá fídíò dúró, kí ẹ ka èyí sókè: 문. Ilẹ̀kùn ni. Bí ahọ́n yín bá kúrò lára erìgì níparí rẹ̀, ẹ tún un kà.