Ìkòkò Ìrẹsì Ni Wọ́n Fi Ṣẹ́gun: Ọ̀tẹ̀ Kọ́múníìsì ní Màláyà, 1948 sí 1960

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù kan, ní abúlé kan létí igbó ní Màláyà, ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn 1950. Obìnrin kan ra ẹja inú agolo. Kí ọlọ́jà tó nà án sí i, ó fi ìṣó lu agolo náà ní ihò. Omi ẹja ń kán sórí tábìlì, obìnrin náà kàn ń wò ó. Orí ọlọ́jà kò dàrú o. Òfin ìjọba ni. Agolo tó ti luhò kò ṣeé tọ́jú dọ̀la, ohun tí kò bá sì ṣeé tọ́jú, kò ṣeé gbé lọ fún ọmọ ogun tó sá pamọ́ sínú igbó.

Báwo lọ̀rọ̀ ṣe wá burú dé ìdí agolo ẹja?

Ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ni Màláyà wà, apá kan Màléṣíà òde òní. Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà, owó ńlá ló sì ń rí níbẹ̀: rọ́bà, àti ohun àlùmọ́ọ́nì tí wọ́n fi ń ṣe agolo. Ní ìparí 1941, Jàpáánì ya wọ ibẹ̀. Àwọn Kọ́múníìsì, ẹgbẹ́ tó fẹ́ lé Gẹ̀ẹ́sì kúrò kí àwọn òṣìṣẹ́ lè gba ìjọba, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Ṣáínà tó ń gbé ní Màláyà, wọ igbó lọ bá Jàpáánì jà. Gẹ̀ẹ́sì gan-an ló ń fún wọn ní ìbọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Chin Peng, ọmọ oníṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́. Nígbà tí ogun parí, Gẹ̀ẹ́sì fi oyè OBE dá a lọ́lá. Kò pẹ́ kò jìnnà, Gẹ̀ẹ́sì kan náà ń fi owó wá orí rẹ̀.

Ilé ẹgbẹ́ náà kò sì dúró ire. Ní 1947 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé Lai Teck, olórí wọn, ti ń ta wọ́n fún Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún ti ta wọ́n fún Jàpáánì. Ó kó owó ẹgbẹ́, ó sá lọ. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Chin Peng, tí kò tíì pé ọdún 23, ni wọ́n fi jẹ olórí.

Ní June 16, 1948, ní agbègbè Sungai Siput, wọ́n yìnbọn pa òyìnbó mẹ́ta tó ń bójú tó oko rọ́bà. Láàárín ọjọ́ méjì, ìjọba ti kéde òfin pàjáwìrì jákèjádò ilẹ̀ náà. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò pè é ní ogun. Ìdí kan tí wọ́n sábà ń sọ ni pé bí wọ́n bá pè é ní ogun, ilé-iṣẹ́ adójútòfò kò ní san owó oko àti ẹ̀rọ tó bá jóná.

Nígbà tí ọ̀tẹ̀ náà gbóná jù, bí ẹgbẹ̀rún méje sí mẹ́jọ ọmọ ogun ló wà nínú igbó. Àmọ́ ọmọ Ṣáínà ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn Màláì, tí wọ́n tó bí ìdajì àwọn ará ìlú, kò bá wọn lọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀tẹ̀ náà ti kọ́kọ́ rọ lápá: wọ́n ń pe gbogbo òṣìṣẹ́, ẹ̀yà kan ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dá wọn lóhùn.

Ìjọba náà kọ́kọ́ ṣe é bí ẹni ń fi àáké pa eṣinṣin. Ní December 1948, ní Batang Kali, àwọn ṣójà Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa ará abúlé 24 tí kò ní ohun ìjà lọ́wọ́. Àwọn ẹbí wọn gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2015, ilé ẹjọ́ náà ní òun kò ní pàṣẹ ìwádìí.

Ní 1950, Ọ̀gágun Harold Briggs dé, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ kan: ta ló ń fún wọn lóúnjẹ? Ìdáhùn wà létí igbó. Bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn, tí ìyà ìgbà ogun Jàpáánì ti lé lọ síbẹ̀, ń dáko láìní ìwé ilẹ̀. Àwọn kan ń fínnúfíndọ̀ gbé ìrẹsì fún àwọn ọmọ ogun, ẹ̀rù ìbọn ló ń mú àwọn mìíràn gbé e. Briggs kó gbogbo wọn. Ó lé ní 400 abúlé tí wọ́n kó wọn sí, wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, ọlọ́pàá wà lẹ́nu géètì, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kónílé ó gbélé.

Láàárọ̀, àwọn tó ń kọ rọ́bà á tò sẹ́nu géètì kí wọ́n tó lọ sóko, wọ́n á tú wọn wò látòkè délẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán kò gbọdọ̀ bá wọn jáde. Àwọn kan ń rọ ìrẹsì sínú páìpù kẹ̀kẹ́. Níbi tó le jù, wọn kì í ta ìrẹsì àìsè fún ẹnikẹ́ni mọ́: inú ìkòkò àjùmọ̀lò ni wọ́n ti ń sè é, kí oníkálùkù gba tirẹ̀. Ìrẹsì àìsè lè wà lóṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n nínú ooru Màláyà, èyí tí wọ́n ti sè á kan kíákíá. Nínú igbó, ebi dé. Ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ Marx, ẹni tí àwọn Kọ́múníìsì ń tẹ̀ lé.

Síbẹ̀, wọ́n ṣì lágbára. Ní October 1951, wọ́n ba de Henry Gurney, aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Màláyà, wọ́n sì pa á. Gerald Templer ló rọ́pò rẹ̀ ní 1952. Òun ni wọ́n máa ń yìn pé ó fi ọkàn àwọn èèyàn ṣẹ́gun. Ẹ bi ará Tanjong Malim wò. Nítorí wọ́n pa èèyàn nítòsí ìlú wọn, Templer sé wọn mọ́lé fún wákàtí 22 lóòjọ́, ó tún gé ìwọ̀n ìrẹsì wọn. Lẹ́yìn náà ó pín ìwé fún ilé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n sọ ọ́ sínú àpótí tí wọ́n tì pa. Ká má purọ́ mọ́ ọn, nígbà tirẹ̀ náà ni ọ̀nà ṣí fún ọ̀pọ̀ ọmọ Ṣáínà láti di ọmọ onílùú, tí ìdìbò abẹ́lé sì tàn kálẹ̀.

Ní December 1955, Chin Peng jáde láti inú igbó wá sí Baling, ó bá Tunku Abdul Rahman, olórí ìjọba tí àwọn ará Màláyà dìbò yàn, sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Tunku ní kí wọ́n túúbá. Chin Peng kọ̀. Nígbà tí Màláyà gba òmìnira ní August 31, 1957, kí ló tún kù tí wọ́n ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà lé lórí? Òfin pàjáwìrì parí ní July 31, 1960. Ó lé ní 6,000 ọmọ ogun inú igbó tó kú, ó sì lé ní 2,000 ará ìlú.

Ìyókù sá lọ sí ibodè Táílándì, 1989 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Chin Peng kú sí Bangkok ní 2013, Màléṣíà sì ní kí wọ́n má gbé òkú rẹ̀ wálé.

Àwọn abúlé yẹn ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn ṣì wà. Wáyà ti kúrò, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n fi ọkọ̀ ológun kó wá ń tajà lójú pópó ibẹ̀, wọ́n sì ṣì ń pè é ní Abúlé Tuntun.